Bàbá Àgbà Ṣubú

Ehoro náà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tán, ó ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu pákó ilé rẹ̀, gbì, ó sì tún lù ú. Bí ẹ̀rù bá ba ehoro, kì í gbó bí ajá, kì í sì í ké bí ewúrẹ́. Ilẹ̀ ló máa ń lù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ èyí dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Èmi ni, ẹ fara balẹ̀," gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń sọ, ẹranko náà sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló dé lọ́jọ́ náà. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Fọ́tò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó sì ti yọ fóònù lápò.

Kò sí ohun tí Fọ́tò kì í yà. Bí olùkọ́ bá sùn lórí àga, á yà á. Bí ẹnìkan bá já sínú gọ́tà, kí onítọ̀hún tó dìde, àwòrán rẹ̀ á ti dé ọwọ́ gbogbo kíláàsì. Ohun tó gbé e wá lónìí ni pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti lanu sọ níléèwé pé ehoro ilé àwọn wúwo ju ọmọ tó ti ń rìn lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti pè é lórúkọ mọ́. Bó bá ti wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Eléhoro-bí-ajá." Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún gan-an, pàápàá nítorí pé kò parọ́.

Ehoro náà tóbi lóòótọ́. Bó bá na ara rẹ̀ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àga ìjókòó ẹni méjì. Etí rẹ̀ gùn bí ìbọ̀sẹ̀ iléèwé, awọ ọrùn rẹ̀ sì ṣù jọ sábẹ́ àgbọ̀n bí ẹni wé aṣọ òtútù mọ́rùn. Oníbàárà bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tó wọlé, bàbá bàbá rẹ̀, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, fi ọ̀pá gúnlẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní èyí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè ní "ìwọ", ó ní kí wọ́n wo bó ṣe ń jẹnu láìsọ̀rọ̀, àgbà ni. Bí àwàdà ṣe di orúkọ nìyẹn. Wọ́n sọ ehoro ní Bàbá Àgbà, orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá arúgbó náà fúnra rẹ̀, gbogbo ilé sì ń fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún un.

Àwàdà yìí ò ṣàìdá wàhálà sílẹ̀. Ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á béèrè láti ilé ìdáná pé ṣé Bàbá Àgbà ti jẹun, bàbá arúgbó á sì dáhùn láti inú yàrá pé, "Èwo nínú wa?" Nígbà tó yá, bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣòfin. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ, kó fi ìrù sí i: Bàbá Àgbà ti yàrá, tàbí Bàbá Àgbà ti pákó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pè é lásán, kó má lọ di ọjọ́ kan tí wọ́n á gbé ewéko fún arúgbó.

Káfíńtà ni bàbá náà, ẹni tí kì í fi òfin ṣeré. Òun ló kan ilé ehoro náà, pákó dídán ló sì fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dípò wáyà, nítorí pé wáyà máa ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko tó bá wúwo. Òfin kejì tó ṣe kò ní ẹ̀rín nínú. Ó gbé ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lé ẹ̀yìn ehoro náà kí ó lè mọ bí egungun rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó.

"Ẹsẹ̀ wọn lágbára ju ẹ̀yìn tó gbé e lọ," ó ní. "Bí wọ́n bá tàpá nígbà tí wọ́n ń rọ̀ dirodiro, ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n máa ṣẹ́. Èmi àtìwọ la ó jọ máa gbé wọn, ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí. Bí mi ò bá sí nílé, jókòó tì wọ́n sílẹ̀."

Lọ́jọ́ tí Fọ́tò wá yìí, bàbá kò sí nílé. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ti rìnrìn àjò lọ bá àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bàbá arúgbó ń tòògbé nínú yàrá, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣí ilé pákó, ehoro náà sì jáde jẹ́jẹ́, ó ń gbóòórùn ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀, ó yà á, ó wo fóònù, ó yọ ṣùtì sí i.

"Ehoro lásán ló jọ," ó ní. "Kò sí ohun tí èèyàn lè fi díwọ̀n rẹ̀. Gbé e mọ́ra."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní bàbá òun sọ pé ẹnìkan kì í dá gbé wọn.

"Wọn?" Fọ́tò bú sẹ́rìn-ín. "O ń fi ehoro yangàn ní kíláàsì, o ò lè fọwọ́ kàn án nílé. Ó dáa, màá sọ fún wọn pé mo dé ibẹ̀, mi ò rí nǹkan kan."

Ibi tó ń dun Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gan-an ló fọwọ́ bà. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá bàbá arúgbó. Ọkàn rẹ̀ kan ń sọ pé kó má ṣe é, èkejì sì ń sọ pé ìṣẹ́jú kan péré ni, ta ló máa mọ̀? Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá ehoro náà, bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ fún onífọ́tò, ó sì fa á sókè. Ara ẹranko náà gùn wálẹ̀, ó ń rọ̀ dirodiro. Ó wúwo ju bí ó ti rò lọ. Fọ́tò ní kó gbé e sókè sí i, ojú rẹ̀ ò hàn. Ó gbé e sókè sí i.

Ìgbà náà ni ehoro náà tàpá. Kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹranko náà sì fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ìró náà kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí àpò aṣọ bá já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù ba Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ehoro náà wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú ilé pákó, ó kọjú sí ògiri, kò sì mira mọ́.

Fọ́tò ti fi fóònù sápò. Ó ní nǹkan kan kò ṣe ehoro. "Àbí o gbọ́ kó ké?" ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ehoro kì í sábà ké. Ó gbé ewéko tútù síwájú rẹ̀, kò wò ó. Ó gbé kárọ́ọ̀tì, èyí tí kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀ rí, kò wò ó. Nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọn gbogbo oúnjẹ náà dà sínú garawa ìdọ̀tí, ó fi bébà bò ó. Bàbá rẹ̀ wọlé, ìyẹ̀fun pákó wà ní irun rẹ̀, ó ń fọwọ́, ó sì béèrè bó ṣe máa ń béèrè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ pé ṣé Bàbá Àgbà méjèèjì, ti yàrá àti ti pákó, ti jẹun.

"Wọ́n ti jẹun," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Kò lè jẹun, kò sì lè sùn dáadáa. Bó bá ti di ojú, ó ń rí bàbá rẹ̀ tó di òkú ehoro mú, tó sì ń wo òun. Ó ń bẹ̀rù pé ehoro náà á kú, ó sì ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀, kò mọ èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí ilẹ̀ bá mọ́, ehoro náà á ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, abọ́ ṣì kún. Ìgbẹ́ kankan kò sí lórí pákó. Ehoro náà la ojú sílẹ̀, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá, ó sì ń lọ eyín pọ̀ bí ẹni tó jẹ yanrìn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún da oúnjẹ náà nù. Bàbá rẹ̀ béèrè láti balùwẹ̀ pé báwo ni wọ́n, ó ní wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Irọ́ kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn náà sì bà á lẹ́rù.

Bàbá arúgbó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ó sọ, bí ẹni tí kò bá ẹnì kan wí, pé òun ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnìkejì òun láti àná. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè ọmọ náà. Ká ní ó sọ ọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ìbá má ṣẹlẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ti fẹ́ pẹ́.

Níléèwé, àwòrán náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Gbogbo kíláàsì dìde fún un. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ń dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń sọ pé kò parọ́, ẹranko ńlá ni. Ohun tó ti ń wá ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí, kò sì lè gbé e mì. Ẹnìkan na fóònù sí i. Ó rí ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí ehoro náà tó ń rọ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ yọ síta títí funfun inú rẹ̀ fi hàn. Gbogbo wọn ń wo bó ṣe gùn tó. Kò sí ẹni tó rí i pé ẹ̀rù ń ba ehoro.

Bí agogo ìparí ṣe dún báyìí ló sáré. Ó sáré títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ehoro náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ, etí rẹ̀ tutù. "Èmi ni," ó ní, "èmi ni." Ehoro náà ò mira. Ó ké pe bàbá arúgbó, kò sí ẹni tó dáhùn. Ó yọ fóònù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó pe bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fá pákó ń pariwo lẹ́yìn ohùn bàbá.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀ nílé," ó ń sunkún. "Bàbá Àgbà ṣubú. Ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò tíì jẹun láti àná."

Iná tó kù nínú fóònù tán, ó kú sí i lọ́wọ́. Ó jókòó ti ehoro náà, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí. Kò rántí pé òun kò fi ìrù sí orúkọ náà.

Mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ó fẹ́ wọ ilé. Bàbá rẹ̀ já wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, ojú rẹ̀ ti funfun báláú nítorí ìyẹ̀fun pákó. Ó kọjá lára rẹ̀ láìwò ó, ó ti ilẹ̀kùn yàrá bàbá arúgbó ṣí. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Ọ̀pá kò sí níbẹ̀, bàtà kò sí níbẹ̀. Káfíńtà náà di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì rọra yọ́ jókòó sílẹ̀.

"Wọ́n ti gbé wọn lọ?" ó béèrè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. "Láti àná. Mo bi ọ́, o ní wọ́n ti jẹun. Mo tún bi ọ́ láàárọ̀."

Ìgbà náà ni ohun tó ṣe yé e. Láti àná ló ti ń bẹ̀rù ìbínú bàbá rẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹ̀rù lè ba bàbá òun náà. Kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá arúgbó wọlé láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, orí rẹ̀ ń dán, àtíkè wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mọ́tò fi dí ọ̀nà, ta ni ara rẹ̀ ò yá?

Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde. Ó di bàbá rẹ̀ mú ní èjìká méjèèjì, ó ń fọwọ́ tẹ apá rẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó pé. Lẹ́yìn èyí ló yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Èwo?" ó ní.

"Ti pákó." Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀.

Bàbá arúgbó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ẹlẹgbẹ́ mi ti ṣubú, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wọn. Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ méjì yìí fún ehoro náà kí ẹ̀rù má bà á. Wọn ò wúwo lẹ́nu rẹ̀ tó báyìí rí. Ó sọ gbogbo rẹ̀: Fọ́tò, àwòrán, bó ṣe gbé e, ewéko inú garawa. Kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Bàbá rẹ̀ kò lù ú, kò sì bú u. Ó mú pákó pẹlẹbẹ kan, ó tẹ́ aṣọ ìnura lé e, ó sì rọra sún ehoro náà sórí rẹ̀. Mọ́tò tí ó fi sáré wá gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ló gbé ehoro lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ìka tẹ ẹ̀yìn ehoro náà díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́tí sí ikùn rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n itan kan ti yẹ̀. Ó ní èyí kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù.

"Ehoro kì í pẹ́ láìjẹun," ó ní. "Bí ìrora ò bá jẹ́ kí wọ́n jẹ, ikùn wọn á dúró, ikùn tó dúró ló sì ń pa wọ́n. Ìgbà wo ló jẹun gbẹ̀yìn?"

Bàbá ló bi. Bàbá yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nínú yàrá náà, níwájú àlejò, ó tún ní láti sọ pé láti ọ̀sán àná ni, àti pé òun ló purọ́ pé ó jẹun. Dókítà náà ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó ní ká ní wọ́n gbé e wá lánàá, òun ì bá fọwọ́ sọ̀yà. Ní báyìí, òun ò lè ṣèlérí.

Wọ́n gbé e wálé pẹ̀lú oògùn àti oúnjẹ lílọ̀ tí wọ́n á máa fi sírínjì tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún un lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ á di ara ehoro náà mú, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á máa kán oúnjẹ sí i lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló ń rò pé òkú lòun máa bá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé Bàbá Àgbà ti yàgbẹ́. Bàbá arúgbó dáhùn láti inú yàrá pé, "Jọ̀ọ́, fi ìrù sí i, kí aládùúgbò má baà gbọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì sunkún bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ehoro náà kò kú. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan, kò sì ní fò mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Níléèwé, Fọ́tò pa àwòrán tirẹ̀ rẹ́ nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó ti pẹ́ jù, gbogbo fóònù ló ti wọ̀. Wọn ò pè é ní Eléhoro-bí-ajá mọ́, kò sì rí adùn kankan nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ṣì máa ń béèrè bóyá Bàbá Àgbà ti pákó ti jẹun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á ní wọ́n ti jẹun, òtítọ́ sì ni. Bàbá á ní ó káre. Lẹ́yìn náà á nu ọwọ́ rẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á sì wo inú abọ́ fúnra rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ì bá fẹ́ kó na òun ju kó máa lọ wo abọ́ náà lọ. Lọ́jọ́ kan ó bi bàbá arúgbó pé ìgbà wo ni bàbá òun ò ní lọ wo abọ́ mọ́. Bàbá arúgbó ní ṣíṣubú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo ẹni tó ń rìn ló ń ṣubú; ohun tó ń ba ilé jẹ́ ni kí èèyàn ṣubú kó sì fi bébà bò ó. Ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé náà ní egungun, egungun rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá yẹ̀, ó máa ń jinná, ṣùgbọ́n kì í tètè jinná.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ewéko, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé jẹ́jẹ́. Gbì, ni pákó dún.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ fara balẹ̀, èmi ni."

Gbì. Ehoro náà mọ̀ pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ìdí tó fi ń lu ilẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó kẹ́yìn sí ilé pákó kó má baà dẹ́rù bà á, ó jókòó lórí sìmẹ́ńtì, ó sì ń dúró dè é.